Kí ló dé tí Git fi ń pe fáìlì Yorùbá wa ní binary?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń túmọ̀ áàpù kan sí Yorùbá, Git tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà inú fáìlì la sì fi ń ṣe é. Mac ni mo ń lò, Windows ni tirẹ̀. Inú fáìlì yo.lproj/Localizable.strings ni ọ̀rọ̀ wà. Mo tún ìlà mẹ́ta péré ṣe, "Binary files differ" nìkan ni git diff, àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ hàn, sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti yí fáìlì náà sí UTF-8, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́. Ó fi PowerShell, ojú àṣẹ Windows, ṣe patch (fáìlì tó ń gbé àtúnṣe láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn), ó fi ránṣẹ́, git apply kọ̀ ọ́. Ó tún un ṣe, ó wọlé, àmọ́ nígbà tí mo wo diff, gbogbo fáìlì ló di pupa àti àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ìlà tó yọ kúrò àti èyí tó fi rọ́pò rẹ̀ kò yàtọ̀ síra lójú mi rárá. Ṣé Git kò gbọ́ Yorùbá ni?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, Git kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báìtì nìkan ló mọ̀, ìyẹn nọ́ńbà láti 0 dé 255 tí a tò tẹ̀léra. Ẹyọ kan ló yà sọ́tọ̀ fún un nínú wọn, báìtì 0A (10 ni, hex la fi kọ ọ́ bíi gbogbo báìtì tó wà nísàlẹ̀), tó ń sọ pé ìlà parí síbí. Tí báìtì inú ìlà méjì bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà kan náà ni wọ́n. Tí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ìlà mìíràn ni, kódà kí wọ́n jọra bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé. Bí diff ti ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni patch tí Larry Wall gbé jáde ní 1985. Unicode, tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kò tíì sí nígbà náà: 1991 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, UTF-8 sì dé ní 1992. Nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git ní 2005, ìwà àwọn àgbà yẹn náà ló gbé wọ̀.

Ẹjọ́ mẹ́ta lo dì sínú ẹrù kan gbé wá bá mi. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Ti àkọ́kọ́ ni "Binary files differ". Nígbà tí Git bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ló wà nínú fáìlì tàbí nǹkan mìíràn bí àwòrán, kò ní wo orúkọ fáìlì náà. Báìtì 8000 àkọ́kọ́ ló máa ń wò. Tó bá rí 00 kan ṣoṣo níbẹ̀, ó parí, binary ni. Mercurial náà ń fi 00 dá binary mọ̀. Ọgbọ́n yìí kò burú, torí kò sẹ́ni tó máa ń rí 00 nínú ASCII tàbí UTF-8 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n báìtì méjì méjì ni UTF-16 fi ń kọ lẹ́tà, lẹ́tà ABD tó wọ́pọ̀ sì máa ń gbé 00 dání. Lẹ́tà j, 6A 00 ni. Lẹ́tà k, 6B 00. Lẹ́tà ọ ní tirẹ̀ jẹ́ CD 1E, kò ní 00 kankan nínú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ Yorùbá láìlo j tàbí k?

Fáìlì .strings sì wà lára àwọn tó máa ń jẹ́ UTF-16. Apple fúnra rẹ̀ ló ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nígbà kan, irinṣẹ́ rẹ̀ genstrings sì ń kọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló ba nǹkan jẹ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o fipá mú un pẹ̀lú git diff --text. Má dán an wò. Nínú UTF-16 tí báìtì kékeré máa ń ṣáájú, òpin ìlà jẹ́ 0A 00. Git á gé ìlà lẹ́yìn 0A, 00 tó ṣẹ́kù á di ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìlà á sì wá di aláìlórí tàbí alórí méjì. Èyí tó tún burú jùyẹn ni kí o kọ text eol=crlf fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú .gitattributes (fáìlì tó ń sọ ohun tí Git á fi fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe) láìsọ nǹkan mìíràn. Git á rí 0A, á fi 0D ẹyọ kan síwájú rẹ̀; méjì méjì tí báìtì ń tò á dàrú, ọ̀pọ̀ ìlà inú fáìlì á sì di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Tí irinṣẹ́ yín bá gba UTF-8, Xcode sì ń gbà á fún .strings, ẹ yí fáìlì náà padà pátápátá:

iconv -f UTF-16 -t UTF-8 Localizable.strings > tuntun.strings

Kíyè sí i pé UTF-16 ni mo kọ síbẹ̀, n kò kọ UTF-16LE (LE ni ti báìtì kékeré tó ń ṣáájú yẹn). Tí fáìlì bá ní BOM níwájú, ìyẹn báìtì FF FE tó ń sọ apá tí báìtì kọjú sí, UTF-16 á kà á, á sì gbé e mì. UTF-16LE á rò pé lẹ́tà ni, á túmọ̀ rẹ̀ sí EF BB BF, wàá sì bá <U+FEFF> níwájú ìlà àkọ́kọ́ nínú diff, nǹkan tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ tó fárígá pé UTF-16 lòun fẹ́ ni, bí àwọn fáìlì .rc kan lórí Windows, ọ̀nà mìíràn wà láti Git 2.21 tó jáde ní 2019. Nínú .gitattributes, ẹ kọ:

*.rc text working-tree-encoding=UTF-16LE-BOM eol=crlf

Git á máa tọ́jú ọ̀rọ̀ náà ní UTF-8 sínú repo (ibi ìpamọ́ Git), á sì máa yí i padà sí UTF-16 nígbà tó bá ń gbé e sí fódà yín. Diff á ṣeé kà, patch á wọlé, merge á ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ náà ní Git tó tó bẹ́ẹ̀ o, torí ẹni tó bá ń lo ti àtijọ́ á kàn rí UTF-8. Tí ẹ bá kọ UTF-16LE láìfi BOM kún un, tí fáìlì sì ní BOM, Git á ta kò ó. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ìlà yẹn, ẹ ṣe git add --renormalize lórí fáìlì náà, kí èyí tó ti wà nínú repo tẹ́lẹ̀ lè yí padà.

Textconv tí wọ́n ń sọ kiri, ètò Git tó ń tú fáìlì sí ọ̀rọ̀ kíkà, fún ojú nìkan ló wà. Á jẹ́ kí o rí diff, àmọ́ ohun tí o rí yẹn kò ṣeé fi ṣe patch.

Ó wá kan PowerShell, níbi tí mo ní ọgbẹ́ sí.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ kọ git diff > atunse.patch, ó rò pé Git ló kọ fáìlì náà. Rárá o. Nínú PowerShell 5.1 tó bá Windows wá, PowerShell fúnra rẹ̀ ló ń gba báìtì tí Git tú jáde, á kọ́kọ́ kà á bí ẹni ń ka code page, àtẹ tó ń sọ lẹ́tà tí báìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́, tí ojú terminal ń lò (437 ni lórí Windows tí wọ́n tò sí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, 850 lórí ti Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtìkó, àṣẹ chcp á sọ èyí tó jẹ́), lẹ́yìn náà á wá kọ ohun tó kà sínú fáìlì ní UTF-16 pẹ̀lú BOM. Ìpalára méjì nìyẹn. Tí o bá fi xxd, tó ń fi báìtì fáìlì hàn, wo ìbẹ̀rẹ̀ patch tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọ, ó dá mi lójú pé wàá rí èyí:

ff fe 64 00 69 00 66 00 66 00

64, 69, 66, 66: "diff" ni, pẹ̀lú 00 láàárín wọn. Git apply ń wá 64 69 66 66 tó so pọ̀, kò rí i, ló bá sọ pé kò sí patch kankan níbẹ̀: "No valid patches in input".

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe kejì nìyí. Wọ́n á ṣí patch náà nínú Notepad, wọ́n á fi pamọ́ bíi UTF-8, wọ́n á sì rò pé ó ti tán. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Ilé iṣẹ́ kan ni mo ń bá ṣe é nígbà náà, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, ojú ń kún mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, git apply gbà á wẹ́rẹ́, mo lọ sùn. Fáìlì wa ní CRLF (òpin ìlà ti Windows, 0D 0A), patch tí PowerShell kọ náà ní CRLF, wọ́n bára mu. Ìlà àyíká tó wà nínú patch náà, ìyẹn àwọn tí kò yí padà tó yí àtúnṣe ká, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó ta kò ó. Ìlà tuntun nìkan ló ní Yorùbá nínú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi tó yẹ kí "ọjọ́" wà lójú áàpù, ohun tí àwọn èèyàn ń rí ni "ß╗ìjß╗ì╠ü".

Wo ibi tó ti wá. Lẹ́tà ọ ní UTF-8 jẹ́ báìtì mẹ́ta, E1 BB 8D. Nínú code page 437, E1 ni ß, BB ni ╗, 8D ni ì. Àmì ohùn òkè tó wà lórí ọ kejì jẹ́ CC 81, ìyẹn ╠ àti ü. PowerShell ti kà á báyẹn kí ó tó fọwọ́ kan fáìlì, nítorí náà yíyí UTF-16 sí UTF-8 kò tún nǹkan kan ṣe. Ńṣe lo kàn wẹ òkú. Tí patch yẹn nìkan bá ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, ẹ lè dá a padà gba ọ̀nà tó gbà wá:

iconv -f UTF-16 -t CP437 atunse.patch | tr -d '\r' > atunse-rere.patch

Àmọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣì ní iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó ṣe òmíràn. Kí ó lo git format-patch -1, tàbí git diff --output=atunse.patch, kí Git kọ fáìlì náà fúnra rẹ̀ láìgba ọwọ́ PowerShell. Láti PowerShell 7.4 ni àmì > ti ń gbé báìtì kọjá bó ṣe rí. Format-patch tún ní àǹfààní kan: tí binary bá wà nínú commit (àkójọ àtúnṣe tí Git ti fi pamọ́), á kó o sínú patch náà lódindi, nígbà tí git diff lásán á kàn sọ pé ó yàtọ̀, git apply á sì dá a padà pé kò ní "full index line".

Ẹ má sì lẹ patch mọ́ inú WhatsApp. Fáìlì ni kí ẹ so mọ́ ọn. Àlàfo kan tó wà níwájú ìlà àyíká jẹ́ ara patch, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ó ku ti ìkẹta, èyí tí pupa àti àwọ̀ ewé bo ojú kọ̀ǹpútà. Kí o tó fi ẹ̀sùn kan àmì ohùn, kọ́kọ́ dán CRLF wò, torí Windows wà nínú ọ̀rọ̀ náà:

git diff --ignore-cr-at-eol

Tí pupa bá pòórá, òpin ìlà ló yàtọ̀. Git ls-files --eol á fi hàn ọ́ èyí tó jẹ́ lf àti èyí tó jẹ́ crlf. Ẹ fi text eol=lf sínú .gitattributes, ó tán. Tí kò bá pòórá, a dé orí ohun tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Mú ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà pupa àti èyí tó bá a dọ́gba nínú ìlà àwọ̀ ewé, kí o fi xxd wò wọ́n. Ká ní "ọjọ́" ni. Ó ṣeé ṣe kí o rí èyí:

e1 bb 8d 6a e1 bb 8d cc 81

tàbí èyí:

6f cc a3 6a 6f cc a3 cc 81

tàbí èyí pàápàá:

e1 bb 8d 6a c3 b3 cc a3

"Ọjọ́" ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ti àkọ́kọ́, lẹ́tà ọ jẹ́ odindi kan tó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀ lára, U+1ECD, lẹ́yìn náà ni àmì ohùn òkè wá. Nínú ti kejì, o lásán ló kọ́kọ́ dé, àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, àmì ohùn tẹ̀ lé ìyẹn. Nínú ti kẹta, ẹnìkan tẹ ó pẹ̀lú ohùn lórí rẹ̀ kí ó tó rántí àmì abẹ́. Unicode ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn jẹ́. Ojú rẹ náà gbà bẹ́ẹ̀. Git kò gbà. Ìwọ̀n fáìlì kò sì ní tú àṣírí náà fún ọ: ka báìtì ti àkọ́kọ́ àti ti kejì, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ là ń pè ní NFC, ti kejì ni NFD. Ti kẹta kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn, kíbọ́ọ̀dù kan ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fura pé irinṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ fi yí fáìlì padà tú gbogbo lẹ́tà sí NFD, tàbí ó sọ wọ́n di NFC nígbà tí tìrẹ jẹ́ NFD. Kò ṣe pàtàkì ẹni tó jẹ̀bi. NFC ni kí ẹ fẹnu kò sí, torí òun ló wọ́pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n má rò pé NFC á sọ ọ́ di lẹ́tà ẹyọ kan. Kò sí ọ́ odindi nínú Unicode, kò sì sí ẹ́ odindi. Irú odindi lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi kún un mọ́, kí òfin NFC tí ayé ti ń lò má bàa yí padà. A ó máa gbé àmì ohùn lé e lórí bẹ́ẹ̀ ni.

Irinṣẹ́ uconv tó wà pẹ̀lú ICU ló rọrùn jù:

uconv -x nfc Localizable.strings > tuntun.strings

Python náà ní unicodedata.normalize("NFC", s) fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ẹ lè jẹ́ kí Git máa sọ ọ́ di NFC nígbàkígbà tí ẹ bá ṣe git add:

git config filter.nfc.clean "uconv -x nfc"

kí ẹ sì kọ *.strings text eol=lf filter=nfc sínú .gitattributes. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lẹ máa ṣe git config yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí kì í bá git clone rìn; .gitattributes nìkan ló ń bá a rìn.

NFC kò sì lè wo gbogbo àrùn. Àwọn kan máa ń fi ọ̀pá kékeré, U+0329, sábẹ́ e àti o dípò àmì abẹ́ tí à ń lò, U+0323. Ní ti Unicode, ọ̀pá yẹn kì í ṣe àmì abẹ́ rárá, kò ní yí i padà fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá a, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín rọ́pò rẹ̀.

Ti orúkọ fáìlì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Tí o bá ní fáìlì tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀.txt, git status lè kọ ọ́ báyìí: "\341\273\215\314\200r\341\273\215\314\200.txt". Kò bàjẹ́, Git kàn ń bẹ̀rù ni. Kọ git config core.quotePath false, á sì pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Lórí Mac rẹ, jẹ́ kí core.precomposeUnicode wà ní true, kí orúkọ fáìlì má bàa di NFD. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ló ń tọ́jú, kì í fọwọ́ kan inú fáìlì.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá ṣe lónìí ni kí n fi git revert dá commit ọ̀rẹ́ rẹ padà, kí n wá ṣe é ní commit mẹ́ta. Àkọ́kọ́, yí UTF-16 sí UTF-8, má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Èkejì, sọ gbogbo rẹ̀ di NFC pẹ̀lú eol=lf, má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn níbẹ̀ náà. Ìkẹta ni ìlà mẹ́ta tìrẹ. Kọ nọ́ńbà commit méjì àkọ́kọ́ sínú fáìlì .git-blame-ignore-revs, kí o sì ṣe git config blame.ignoreRevsFile .git-blame-ignore-revs, kí git blame má bàa máa sọ pé ìwọ lo kọ gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣe git show --stat lórí commit ìkẹta. Ohun tó yẹ kí o rí ni "3 insertions(+), 3 deletions(-)". Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, má tíì fi ránṣẹ́ sí i. Mú ìlà kan nínú èyí tó lé, fi xxd wò ó, kí o kọ báìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.